A Kì Í Dúpẹ́ Irúgbìn

Òpópónà Ẹ̀wà,
Tartu, Estonia.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kìn-ín-ní, 1987

Àǹtí Agafia mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìtọ́jú ewúrẹ́. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bi mí ni bóyá mò ń jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn kí ẹ tó bèèrè. Mò ń jẹun. Ọ̀dùnkún àti ẹja oníyọ̀ ni mò ń jẹ, ikọ́ tí mo sì gbé wá láti ilé ti lọ.

Ohun tí kò lọ ni ìdákẹ́jẹ́ ibí yìí. Ní abúlé wa, bí èèyàn bá lọ fa omi ní kànga, ó lè pẹ́ títí kó tó padà, nítorí gbogbo ẹni tó bá pàdé ló máa fẹ́ mọ ohun tó fẹ́ fi omi náà sè. Níbí, èèyàn á kọjá lára ẹni bí ìgbà tí èèyàn ń kọjá lára òpó. Wọn ò burú. Kò sẹ́ni tó bú mi rí. Bí mo bá fi èdè Rọ́ṣíà béèrè ọ̀nà, ẹni náà á fi ìka júwe, á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Ní kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń wọn ilẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó sí, mo sì ti mọ ìpàkọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi ju ojú wọn lọ. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ń gé irun orí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo mọ̀, nítorí apá ọ̀tún máa ń ga ju apá òsì lọ.

Ilé onípákó ni mo gba yàrá sí, lókè. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Vaike ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré ló wà láàárín wa, fèrèsé kan ṣoṣo ló sì ní. Màmá Vaike máa ń mi orí sí mi láàárọ̀, èmi náà á mi orí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ti bá ara wa sọ láti oṣù Kẹsàn-án nìyẹn.

Àǹtí, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo fẹ́ padà wálé. Ẹ bá mi bi ọ̀gá oko àjùmọ̀ṣe bóyá àyè awakọ̀ tí Fedot fi sílẹ̀ ṣì ṣófo. Mo lè wa katakata. Katakata kì í dákẹ́.

Èmi ọmọ yín,
Ilarion


Abúlé Lunca Nucului,
Moldova.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejì

Ilarion,

Ìwé rẹ dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, mo tún mú un jáde kí n lè rí i bínú sí dáadáa.

Ta ló lù ọ́? Ta ló gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ? O ní wọn ò bú ọ. Ṣé èébú lo bá lọ ni? Nígbà tí ìyá rẹ, àbúrò mi, wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn tó gbé e lọ, ohun méjì ló ní kí n ṣe: kí n má jẹ́ kí ebi pa ọ́, kí n sì jẹ́ kí o kàwé débi tí ìwé bá parí sí. Ìwé ò tíì parí. Mi ò ní bi ọ̀gá oko ní nǹkan kan. Katakata ò ní sá lọ.

Ewúrẹ́ ti bímọ, méjì, ọ̀kan fẹ́ràn láti máa jẹ etí aṣọ mi. Profira aládùúgbò ní kí n kí ọ. Ó ní ṣé o ti rí ìyàwó. Mo ní ọmọ tí kò lè kí ará ilé rẹ̀, ibo ló ti fẹ́ rí ìyàwó. Ó ní, "Kó lọ síbi tí wọ́n ti ń jó." Mo ní, "Profira, ìwọ náà jó títí, Gheorghe náà lo kúkú fẹ́." Ó bínú lọ sílé. Nígbà tó yá, ó tún padà wá yá iyọ̀.

Gbọ́ mi dáadáa. Mo fi irúgbìn sínú ìwé yìí, nínú àkísà tí mo rán lẹ́nu. Èyí tó pẹlẹbẹ tó sì mọ́lẹ̀ ni ata gígùn tiwa. Èyí tó nírun lára ni tòmátì ńlá. Inú yàrá ni kí o gbìn wọ́n sí, kí wọ́n ti dàgbà kí ìgbà ìrúwé tó dé bá yín lọ́hùn-ún. Ata ni kí o kọ́kọ́ gbìn, torí ọ̀lẹ ni. Fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rin iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ológbò bá ń sùn nínú ilé ni ata máa ń fẹ́. Ibẹ̀ ni kí o gbé e sí. Tó bá hù tán, ìgbà yẹn ni kí o tó gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ò ní ológbò. Lo orí rẹ.

Ẹni tó ní ohun tó ń bomi rin kì í kàn dìde lọ sílé bẹ́ẹ̀.

Àǹtí rẹ,
Agafia


Tartu,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kejì

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Ẹ ṣeun gan-an ni fún irúgbìn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo dúpẹ́ ata, mo dúpẹ́ tòmátì, mo tún dúpẹ́ àkísà tí ẹ fi dì wọ́n, torí ó ń rùn bí àpótí aṣọ yín. Ọlọ́run yóò fi púpọ̀ rọ́pò rẹ̀ fún yín. Oore yín kò ní di ohun ìgbàgbé lọ́dọ̀ mi títí láé.

Mo ti gbìn wọ́n. Mo la páálí mílíìkì sí méjì, mo sì fi ìṣó lu ìdí wọn. Iyẹ̀pẹ̀ ló fẹ́ jẹ́ ìyọnu, nítorí gbogbo ilẹ̀ ló dì gbagidi. Mo lọ bẹ ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé gíláàsì níléèwé wa, ibi tí àwọn tó ń kọ́ ọ̀gbìn ti ń ṣe tiwọn. Ó wò mí, ó wo àpò ọwọ́ mi, ó ní, "Tòmátì?" Mo ní, "Ata ni, sà." Ó ní, "O ti pẹ́," ó sì fi ṣọ́bìrì bu iyẹ̀pẹ̀ kún àpò náà fún mi. Láti ìgbà tí oṣù yìí ti wọlé, mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

Mo wá ibi tí ológbò lè sùn nínú yàrá mi, mi ò rí. Ológbò tó bá lórí kò lè sùn sí yàrá yìí. Mo wá gbé wọn sójú fèrèsé mi. Ògiri ilé kejì ni fèrèsé náà kọjú sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ máa ń yọ́ gba ibẹ̀ wọlé lọ́sàn-án. Bí mo bá ti iléèwé dé, mi kì í bọ́ kóòtù kí n tó lọ wò wọ́n. Kò tíì sí nǹkan kan.

Àǹtí, kí n sọ òótọ́ fún yín. Mo ti bá ara mi ṣe àdéhùn kan. Bí wọ́n bá hù, n ó dúró parí ẹ̀kọ́ mi. Bí wọn ò bá hù, n ó di ẹrù mi.

Mo tún dúpẹ́ o.

Ilarion


Lunca Nucului,
Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kẹta

Ilarion,

Kí lo fi ara rẹ ṣe yẹn?

Ta ló ní kí o dúpẹ́? Irúgbìn! Ẹ̀ẹ̀mélòó lo ti rí mi tí mo ń gba èéhù kábéèjì lọ́wọ́ Profira, tí mo sì yí ẹ̀yìn padà bí ẹni tí kò rí i? Ìyàwó tuntun tí ọmọ Nichifor fẹ́ láti ìlú ńlá ló gba kábéèjì lọ́wọ́ Profira, tó ní, "Ẹ ṣeun o, ìyá." Díẹ̀ ló kù kí Profira já a gbà padà. Kábéèjì ọ̀hún ò ju ìkúùkù ọmọ ọwọ́ lọ títí wọ́n fi ká a, màlúù ni wọ́n fi bọ́. A kì í dúpẹ́ irúgbìn. Ọpẹ́ máa ń parí ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá ti dúpẹ́ ti ṣe tán, ó fẹ́ máa lọ. Irúgbìn ní tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ìwọ wá dúpẹ́ bí ẹni ń ka ìwé ìhìn rere. O dúpẹ́ títí kan àkísà.

Kí n tiẹ̀ sọ èyí tó dùn mí jù. Láti ìgbà tí o ti wà ní kékeré lọ́dọ̀ mi, o ò dúpẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ mi rí. Wà á jẹ, wà á nu ẹnu, wà á béèrè èyí tó kù nínú ìkòkò. Ọmọ ilé nìyẹn. Ìwé tí o kọ sí mi yìí dà bíi ti àlejò tí òjò ká mọ́ ilé mi, tó wá ń dágbére. Mo kà á, mo wò yí ilé ká bí ẹni ń wá ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ojú fèrèsé lo tún wá gbé ata sí. Ata! Mo ní ológbò, o gbọ́ fèrèsé.

Kọ̀wé sí mi kíákíá kí n mọ bí wọ́n ṣe rí. Má fi ọpẹ́ sí i.

Agafia


Tartu,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta

Àǹtí mi,

Ẹ má bínú. Ẹ dárí jì mí. Mo mọ̀ pé a kì í dúpẹ́ irúgbìn, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé yín dé, ó ti pẹ́ tí mo ti la ẹnu sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ti kún inú mi bí omi inú àmù, bí mo ṣe ṣí ọmọrí rẹ̀, ọpẹ́ ló kọ́kọ́ dà sílẹ̀.

Wọn ò hù. Mo mú igi ìṣáná, mo fi tú ilẹ̀ wò. Ata ti rà. Tòmátì náà ti rà. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ojú fèrèsé yẹn lábẹ́ páálí, ó tutù bí irin. Mo lọ da iyẹ̀pẹ̀ náà nù sẹ́yìn ilé. Màmá Vaike tó kọjú sí mi wà lórí àtẹ̀gùn, ó rí páálí lọ́wọ́ mi nígbà tí mò ń lọ, ó tún rí i nígbà tí mò ń bọ̀ tó ti ṣófo. Ó mi orí. Mo mi orí.

Òun náà ní tòmátì, ní fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí oòrùn ń yọ sí. Inú ife ló gbìn wọ́n sí. Ó fi ìwé dídán inú ṣokoléètì dúró sẹ́yìn wọn kí ìmọ́lẹ̀ lè padà wá bá wọn. Láràárọ̀, á yí ife kọ̀ọ̀kan díẹ̀ kí ọrùn wọn má baà wọ́ sápá kan, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ ra wọ́n lórí bí olùkọ́ ṣe ń ra ọmọ iléèwé lórí. Mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn mi díẹ̀ kí n lè máa wò ó.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣe mí báyìí. Ìdajì fèrèsé yẹn ni tirẹ̀, ìdajì ni tèmi. Bí onílé ṣe pín in nìyẹn. Èmi ò gbé nǹkan kan sí ìdajì tèmi rí, nítorí ojú ń tì mí láti máa dúró níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí mo da iyẹ̀pẹ̀ nù, mo rí ife tòmátì mẹ́rin ní ìdajì tèmi. Mo rò pé ó gbàgbé ni. Mo rọra gbé wọn padà sí tirẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti tún padà. Mo tún ń gbé wọn lọ ni òun náà yọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ife yín ló wà níbí." Ó wo ife, ó wò mí, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ ló wà," ó sì wọlé lọ.

Lónìí ẹ̀wẹ̀, ó ti gbé wọn sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mi gan-an, débi pé bí mo bá ṣí i láìfarabalẹ̀, n ó dà wọ́n nù. Mo rò pé ó fẹ́ kí n kó kúrò kó lè rí gbogbo fèrèsé náà lò. Kò yẹ kó yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. N ó gba rélùwéè kí Àjíǹde tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ọ̀gá oko sọ̀rọ̀.

Ilarion


Lunca Nucului,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Ilarion, orí rẹ dà?

Mo ka ìwé rẹ sókè kí Profira lè gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí garawa wàrà. Ó ní, "Agafia, ọmọ yín mà ń kó ẹrù olè padà fún olówó!" Mo ní kó dákẹ́, èmi náà ò lè dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ojú wá ń tì mí fún ọ, títí mo fi sùn.

Ọmọ mi, obìnrin yẹn ń fún ọ ní tòmátì. Ó rí i pé tìrẹ kú. Kò lè gbé e lé ọ lọ́wọ́, nítorí ó rí i pé ọmọ tó ń bẹ̀rù yìí, ẹ ṣeun ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀, ẹ ṣeun yóò sì pa wọ́n. Ó wá gbé wọn síbi tí o ti lè jí wọn. Tòmátì tí wọ́n fúnni á so. Èyí tí a jí, igi ni à ń fi ti ẹ̀ka rẹ̀. Ìwọ wá ń gbé e padà fún un bí ọlọ́pàá.

Ohun tí wà á ṣe nìyí. Má kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Má béèrè nǹkan kan. Dúró kó lọ ra búrẹ́dì, kí o sì jí wọn. Kí o jí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin o, má ṣe fi ọ̀kan sílẹ̀ bí ẹni tó ń ṣojú àánú. Tí ẹ bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, ojú rẹ kò gbọdọ̀ mọ nǹkan kan.

Mi ò bá ọ̀gá oko sọ nǹkan kan, mi ò sì ní bá a sọ. Yára. Àgbàlagbà ti gbé nǹkan wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí àgbàlagbà tó máa gbé e wá lẹ́ẹ̀kẹrin.

Agafia


Lunca Nucului,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹrin

Ilarion ọmọ mi,

Ìwé rẹ ò dé. Mo ní kí n dúró de bọ́ọ̀sì tó ń kó lẹ́tà wá, mo dúró dè é, mo tún dúró de èyí tó tẹ̀ lé e. Awakọ̀ ti mọ̀ mí. Bó bá ti rí mi, á ti máa mi orí láti ọ̀nà jíjìn kí n má baà rìn dé ibi tó dúró sí.

O ní kí Àjíǹde tó dé, wà á gba rélùwéè. Àjíǹde ku ọjọ́ mẹ́ta péré. Mi ò mọ̀ bóyá o ti gba èyí tí mo kọ nípa ife, tàbí o ti bọ́ sọ́nà. Mo ti fi ẹfun kun ilé. Mo ti kó ibùsùn rẹ síta, mo na eruku ara rẹ̀ jáde. Bí o bá ń bọ̀, ẹyin pupa Àjíǹde tìrẹ wà nínú abọ́.

Mo ní kí o má wálé. Mi ò sọ pé mi ò fẹ́ rí ọ.

Kọ̀wé, bó tiẹ̀ jẹ́ ìlà kan.

Agafia


Tartu,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin

Àǹtí mi,

Ẹ kú ewu ọdún, ẹ kú àníyàn mi. Ìwé yín méjèèjì wà níwájú mi. Mi ò gba rélùwéè. Mo jí wọn.

Kí n sọ bó ṣe rí. Ìwé yín dé, mo kà á, ara mi gbóná láti orí dé ẹsẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi títí mo fi gbọ́ ẹsẹ̀ Màmá Vaike lórí àtẹ̀gùn tó ń lọ ra búrẹ́dì. Ife mẹ́rin ò ṣeé kó lọ́wọ́ méjì, mo wá tẹ́ fìlà mi, mo kó wọn sínú rẹ̀. Àyà mi ń lù bíi ti ẹni tó fọ́ báńkì. Mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó ti tòmátì lórí ibùsùn, a jọ ń wo ara wa.

Ó dé. Mo gbọ́ tó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbóhùn sókè, èdè Rọ́ṣíà ló fi sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ èdè tirẹ̀ ló máa ń fi bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Háà. Olè ti wọ ilé yìí. Olè tó lẹ́sẹ̀ wúwo bí ẹṣin." Ó ní, "Kí n tiẹ̀ tó rí olè tó yá ọwọ́, irun mi ì bá ti funfun tán. Ó ti funfun náà kẹ̀." Ó tún sún mọ́ ilẹ̀kùn mi. Ó ní, "Bí olè yẹn bá gbé wọn sójú fèrèsé tó kọjú sí ògiri, màá lọ fi í sun ọlọ́pàá."

Mi ò mọ ohun tó gún mi ní kẹ́sẹ́. Mo dáhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo ní, "Olè ń béèrè pé ibo ni kó gbé wọn sí."

Ó ní, "Sọ fún olè pé ìdajì fèrèsé kan ṣófo níbí. Kó má sì bomi pa wọ́n bó ṣe bomi pa ti àkọ́kọ́."

Mo ṣílẹ̀kùn. Mi ò dúpẹ́. Àǹtí, ó le ju jíjí lọ.

Láti ìgbà náà ni a ti jọ ń yí ife láàárọ̀. Òun ń kọ́ mi ní orúkọ nǹkan lédè wọn, èmi ń sọ̀rọ̀ ata wa fún un. Òun ló ní ata ò gbọdọ̀ mọ òtútù, mo ní Àǹtí mi ti sọ bẹ́ẹ̀, ó ní, "Kí ló dé tí o ò gbọ́?" Ẹ ó fẹ́ràn ara yín. Ó bínú bíi tiyín. Nígbà tí yìnyín yọ́ tí odò wọ òpópónà wa, èmi ni mo ń bá a kó igi ìdáná lọ sókè, torí ó ti ṣubú lórí yìnyín kó tó yọ́, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú, ó ń fi aṣọ so ó kọ́rùn.

Ẹ bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ̀wé. Mi ò ṣàìsàn. Nígbà òtútù, ìwé yín nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Nísinsìnyí, kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti ń tán lẹ́nu mi. Mo máa ń mú kálámù, mi ò sì rí nǹkan kọ.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín rèé. Ìsinmi oṣù Karùn-ún nìkan ni mo lè fi wálé. Lẹ́yìn rẹ̀, ìdánwò ni, tí ìyẹn bá sì ti parí, wọ́n á kó wa lọ wọn ilẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi kọjá. Ṣùgbọ́n ìsinmi yẹn gan-an ni Màmá Vaike ń kó gbogbo tòmátì rẹ̀ wọ rélùwéè lọ sí oko rẹ̀ lẹ́yìn ìlú, níbi tí ilé gíláàsì rẹ̀ wà. Ọwọ́ kan ò lè gbé e, kò sì ní ẹlòmíràn. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn ní, "Ọdún yìí, bóyá wọn ò ní lọ." Mo mọ̀ pé ẹ ti kun ilé. Bí ẹ bá ní kí n wá, n ó wá.

Ilarion


Lunca Nucului,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Karùn-ún

Ilarion ọmọ mi,

Má wá. Mo kọ́kọ́ kọ ìyẹn kí o lè rí i kí o tó ka èyí tó kù, nítorí mo mọ bí o ṣe ń kàwé.

Lọ bá ìyá náà gbé tòmátì rẹ̀. Má fi àpótí rẹ̀ sójú fèrèsé rélùwéè tó ṣí, atẹ́gùn á ṣẹ́ ẹ. Tí ẹ bá débẹ̀, má jẹ́ kó fi ọwọ́ tó wú yẹn gbẹ́lẹ̀. Yóò fẹ́ gbẹ́ ẹ. Èmi náà ì bá fẹ́ gbẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, a lọ bá àwọn òkú wa jẹun ní itẹ́ òkú bí a ṣe máa ń ṣe. Mo tẹ́ aṣọ sórí ibojì ìyá rẹ, mo gbé búrẹ́dì àti ẹyin kalẹ̀, mo ta wáìnì díẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń béèrè rẹ. Mo ní o ní èèyàn lọ́hùn-ún tí iṣẹ́ wọn wà lọ́rùn rẹ. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní, ó korò lẹ́nu mi. Nígbà tí mo fi máa sọ ọ́ fún ìyàwó Nichifor, ohùn mi ti dúró ṣinṣin. Mo rí i tí wọ́n ń mi orí bí ẹni pé nǹkan iyì ni. Nǹkan iyì náà ni.

Profira ò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ kọ́ ọmọ lólè, wọ́n sì ti jí ọmọ ọ̀hún lọ." Mo ń na etí aṣọ orí ibojì tó ti nà tẹ́lẹ̀. Ó wò mí, ó wá jókòó tì mí, ó ń bó ẹyin fún mi bí ẹni ń bó o fún ọmọdé.

O kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé ọ̀rọ̀ ti ń tán lẹ́nu rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti ka ibẹ̀ ju ibi tó kù lọ. Ohun tí mo fi gbogbo ìgbà òtútù tọrọ nìyẹn, pé kí o rí ẹni tí wà á máa bá sọ̀rọ̀. Mi ò wò ó síwájú pé bí ó bá gbà, ilé tèmi ló máa dákẹ́. Mi ò fi bú ọ. Kí o ṣáà mọ̀ pé bọ́ọ̀sì lẹ́tà ṣì ń dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Bí o ò bá rí nǹkan kọ, kọ bí ilẹ̀ oko ìyá náà ṣe rí sí mi: ṣé dúdú ni bíi tiwa, àbí oníyanrìn, ṣé ó máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Mi ò tẹ ilẹ̀ ibòmíràn rí.

Ata àti tòmátì wa níbí ti wọ ilẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ti pọ̀ jù fún ẹnu kan. Àwọn ọmọ ewúrẹ́ ti mọ ọ̀nà ìta.

Mo ti dá ibùsùn rẹ padà sí àyè rẹ̀. Mo fi fèrèsé yàrá rẹ sílẹ̀ ní ṣíṣí títí di àná. Ṣùgbọ́n oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọ̀ aṣọ ibùsùn náà jẹ́, mo bá pa á dé.

Àǹtí rẹ,
Agafia